Ẹni Tó Ń Wo Bí Mo Ṣe Ń Gbé Oògùn Mì

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín lónìí pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń ṣe yín, èyí tí gbogbo Èkó ń pè ní tíbì, ẹ wá ibì kan jókòó sí, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Ó ti ṣe mí rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe mí. Ti àkọ́kọ́ wá fúnra rẹ̀, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Mi ò kọ èyí láti fi dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n mi ò ní í purọ́ fún yín pé ó rọrùn. Kò rọrùn rárá. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní oyè nínú ìjọ, tí àwọn ènìyàn ń dìde fún bí ẹ bá wọlé, ẹ̀yin gan-an ni mo ní lọ́kàn, torí oyè wà lára ohun tó fẹ́ẹ̀ pa mí.

Olùkọ́ ni mí. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé ìjọba kan ní Yábàá. Sùúrùlérè ni mò ń gbé. Mẹ́tọ́díìsì ni bàbá mi, Mẹ́tọ́díìsì ni bàbá tó bí i. Nínú ìjọ tiwa, wọ́n máa ń pín àwọn ọmọ ìjọ sí kíláàsì, kíláàsì kọ̀ọ̀kan á sì ní líídà tirẹ̀. Iṣẹ́ líídà ni pé kó mọ bí ara àti ọkàn àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe wà, kó máa yọjú sí wọn nílé, kó jókòó tì wọ́n bí nǹkan bá ṣe wọ́n. Èmi ni líídà kíláàsì kẹrin. Ẹni mẹ́rìnlélógún ló wà lábẹ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ náà. Mo ní rẹ́jísítà. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sọ́ńdè, a ó kó ara wa sínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a ó ti fèrèsé nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀. Bíọ́dún, ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe, ló máa ń jókòó tì mí, òun á máa pe orúkọ, èmi á máa fàmì sí i. Ẹni tó bá wá, ìlà. Ẹni tí kò wá, òdo. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá yá, mo máa ń kọ "à" sí i, ìyẹn àìsàn. Bírò pupa ni mo fi ń kọ ọ́, bí a ṣe ń ṣe nílé-ìwé, kò sì sí ìparẹ́ kankan nínú ìwé náà. Lọ́dún kan, àlùfáà wa gbé rẹ́jísítà mi sókè níwájú gbogbo àwọn líídà, wọ́n ní ẹ wò ó, bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ yẹn. Ká ní wọ́n bi mí pé nínú àwọn mẹ́rìnlélógún yìí, ilé mélòó ni mo ti wọ̀, ojú ì bá tì mí. Wọn ò béèrè.

Ìgbà ọyẹ́ ni ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ kékeré, gbígbẹ, tí kì í ṣe bàbàrà. Mo ní eruku ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń kọ̀wé lójú pátákó ni. Olùkọ́ tí kì í wúkọ́ nígbà ọyẹ́, ṣé olùkọ́ ni? Ọyẹ́ lọ, òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ikọ́ ò lọ. Mo wá ń rí i pé bí mo bá jí láàárọ̀, ìrọ̀rí mi á ti rin gbingbin fún òógùn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ara mi á máa gbóná díẹ̀díẹ̀. Mo fi ìṣó lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì mi, ó di ihò méjì, ó di mẹ́ta. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ní mo tún ti di ọ̀dọ́, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi, Ìyá Tólú, ni kò rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ àárín kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi àti ọrùn mi, ó ní, "Bàbá Tólú, ọwọ́ mi méjèèjì wọ ibí yìí. Kí ló ń ṣe yín gan-an?"

Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀.

Ọjọ́ tí mo rí ẹ̀jẹ̀, iwájú pátákó ni mo wà. Mo wúkọ́ sínú háńkáṣíìfù mi, mo wò ó, mo rí ìlà pupa kan tẹ́ẹ́rẹ́. Mo ká a, mo fi sápò, mo parí ìṣirò tí mò ń ṣe lójú pátákó. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo kẹ̀yìn sí àwọn ọmọ náà títí agogo fi lù. Ẹ má bínú, kì í ṣe ikú ni mo rò. Ohun tí mo rò ni pé wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti ń sọ ọ́ nígbà náà pé èmi ni wọ́n máa fi ṣe olórí gbogbo àwọn líídà bí ọdún bá yí. Ta ni yóò fi ẹni tó ní tíbì ṣe olórí?

Ìyàwó mi ló ń fọ aṣọ, kò sì pẹ́ tó fi rí háńkáṣíìfù. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Ẹ̀gbọ́n Jídé, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdó pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àgbo méjì. Wọ́n ní irú ikọ́ báyìí kì í ṣe ti dókítà, wọ́n ní ẹni tó ń du oyè mọ́ mi lọ́wọ́ ló fi í sínú oúnjẹ mi. Àgbo náà korò débi tí ahọ́n mi máa ń kú. Mo mu ún. Ìyàwó mi ò gba ti àgbo ní tirẹ̀, ti àdúrà ló gbà. Ó pe àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà rẹ̀, wọ́n fi òróró pa mí láyà, wọ́n ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìfi omi kan ẹnu. Bí òun àti ẹ̀gbọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ìjà ní pálọ̀ nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, bí wọ́n bá ń mu àgbo yìí, àdúrà wa ò ní í ṣiṣẹ́."

"Ìyàwó, bó bá ń gbààwẹ̀, agbára wo ló fẹ́ fi gbé àgbo dúró nínú?"

Èmi tí wọ́n ń jà lé lórí jókòó sáàárín wọn, mò ń wúkọ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ilé ìwòsàn nínú wọn, èmi náà ò sì dárúkọ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta la fi ṣòfò báyẹn. Ní gbogbo oṣù mẹ́ta ọ̀hún, kò sí Sọ́ńdè kan tí mi ò jókòó sínú yàrá kékeré yẹn, tí fèrèsé wà ní títì, tí orúnkún Bíọ́dún ń kan tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé yàrá yẹn.

Nígbà tó débi tí mi ò lè gun àtẹ̀gùn ilé-ìwé mọ́ láìjókòó lé e lórí, mo lọ. Ìbẹ̀rù ló gbé mi lọ, kì í ṣe ọgbọ́n. Ibi tí wọ́n ti lè yẹ̀ mí wò wà ní Sùúrùlérè, ṣùgbọ́n mo fò ó, mo gba Múṣin lọ, kí ẹni tó mọ̀ mí má baà rí mi. Aago méje àárọ̀ kò tíì lù tí bẹ́ǹṣì ti kún. Ìta ni wọ́n to bẹ́ǹṣì sí, lábẹ́ tapólì, torí wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó ń wúkọ́ jókòó sínú ilé. Mo bọ ìbòmú, mo fa fìlà wálẹ̀, mo ṣí ìwé ìròyìn bojú. Ọkùnrin kan tó ti gbẹ dé egungun sùn lé mi léjìká. Mo tì í kúrò. Ó tún sùn lé mi. Mo dìde, mo lọ jókòó síbòmíràn, orí rẹ̀ sì bọ́ lu bẹ́ǹṣì. Mo rí i, mo ń ka ìwé ìròyìn mi lọ.

Obìnrin kan tó bọ ìbòmú ń pín ike kéékèèké fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ kú àárọ̀ o. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ti ìsàlẹ̀ àyà wá la fẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe itọ́." Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró.

"Líídà," ó ní.

Mo gbé ojú sókè. Sístà Bísí ni. Ọmọ kíláàsì mi ni, aránṣọ tó ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé ní Múṣin níbẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì kẹ́yìn. Mo ti kọ "à" síwájú orúkọ rẹ̀ títí, nígbà tó yá, ọwọ́ mi sú "à", mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òdo.

Mo ní, "Sístà Bísí, báwo ni? Èèyàn mi kan ni mo bá wá o."

Ó wo káàdì ọwọ́ mi tí wọ́n kọ orúkọ mi gàdàgbà sí. Ó na ike náà sí mi. "Ó dáa, sà. Ẹ bá wọn wúkọ́ sí i."

Nígbà tí èsì dé, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni lóòótọ́. Ó ṣẹlẹ̀ pé Tólú, ọmọ wa obìnrin, bímọ ní Abẹ́òkúta ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Wọ́n yẹ ìyàwó mi náà wò, kò ní in. Nọ́ọ̀sì wá sọ fún un pé bó bá fẹ́ máa gbé ọmọ tuntun, kó lọ máa gbé e lọ́hùn-ún, kó má tíì padà sílé. Ó sunkún lọ ni, mi ò sì bá a wí. Ilé ku èmi nìkan.

Nọ́ọ̀sì náà kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ó ní, "Bàbá, ọ̀fẹ́ ni oògùn yìí, ẹ ò ní í san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í dá a dá yín. Oṣù mẹ́fà ni ẹ máa fi lò ó, lójoojúmọ́, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa wò yín bí ẹ ṣe ń gbé e mì. Ta lẹ fẹ́ mú?"

Mo ka orúkọ kíláàsì kẹrin nínú ọkàn mi láti òkè délẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lórí dáadáa. Mi ò rí ẹyọ ẹnì kan tí mo lè sọ fún pé kó wá sílé mi, torí mi ò wọ ilé ẹnì kankan nínú wọn rí.

"Bàbá, mo ní ta ni?"

"Èmi ni, mà," Sístà Bísí dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Màá máa yà sọ́dọ̀ wọn kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù."

Ó sọ fún mi nígbà tí a ń jáde lọ pé àìsàn náà ti ṣe òun náà, pé òun ti yè é, ìdí nìyẹn tí òun fi máa ń wá ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó má jẹ̀ẹ́ kí ará ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́. Ohun tí mo rí sọ nìyẹn.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ló máa ń kan ilẹ̀kùn. Á ṣí fèrèsé gbogbo, á gbé àga sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, á ka hóró mẹ́rin sí àtẹ́lẹwọ́ mi, á gbé omi fún mi. Bí mo bá ti gbé e mì, á ní, "Ẹ la ẹnu, sà." Mo là á bí ọmọ jẹ́léósinmi. Á fàmì sí káàdì, á gbé báàgì rẹ̀, ó di Múṣin. Kì í jẹ, kì í mu nílé mi. Oògùn náà le. Ìtọ̀ mi pupa rúsúrúsú, wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ mo pariwo lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ń bì, oríkèé ń ro mí, ẹsẹ̀ ń jó mi. "Ẹ máa fi ẹsẹ̀ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, sà," ó ní, "bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn." Mo dúpẹ́. Ó ju oṣù méjì lọ tó fi ń wá lójoojúmọ́, mi ò bi í lọ́jọ́ kan pé ta ló tọ́jú rẹ̀ nígbà tí àìsàn náà ń ṣe é.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ara mi ti yá. Ihò bẹ́líìtì ti ń padà. Nọ́ọ̀sì ní mi ò lè kó o ran ènìyàn mọ́, mo padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ fún wọn pé ibà ló dá mi dùbúlẹ̀. Àsìkò yẹn ni ìjọ kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún. Àwa líídà la máa ṣíwájú, a ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan ẹnu títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìparí ààwẹ̀ náà ni wọ́n sì fẹ́ kéde olórí àwọn líídà.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa síbí yìí. Ká ní mo sọ fún Bísí pé kó jẹ́ kí n máa lo oògùn ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ tán. Ká ní mo sọ fún àlùfáà wa pé mò ń lo oògùn, wọ́n á ní kí n má gbààwẹ̀ rárá, wọ́n máa ń sọ ọ́ látorí àga ìwàásù pé kí aláìsàn jẹun. Ṣùgbọ́n èmi líídà, kí n máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì mi? Mo wá ń fi hóró méjì sábẹ́ ahọ́n, mo ń há méjì yòókù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo ń fi ètè kan ife omi. "Ẹ la ẹnu, sà." Mo là á díẹ̀. Ó wò ó fìrí, ó fàmì sí i. Ó gbà mí gbọ́ torí líídà ni mí. Bó bá ti lọ, màá tu ú sínú ìkòkò òdòdó ìyàwó mi lójú fèrèsé, màá fi ìka bo iyẹ̀pẹ̀ lé e.

Ààwẹ̀ parí. Wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn líídà, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ti sanra, mi ò wúkọ́, mo ní kí ni mo tún fẹ́ fi oògùn ṣe? Mo ń tu ú sínú òdòdó lọ.

Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà tí ikọ́ dé, kò sì wá pẹ̀lẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi í pamọ́. Mo sọ fún Bísí pé ọ̀fìnkìn ni. Ní Sọ́ńdè kan, nínú yàrá kékeré yẹn, bí Bíọ́dún ṣe ń pe orúkọ, ikọ́ gbá mi mú, kò fi mí sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ gba háńkáṣíìfù kọjá, ó kán sórí rẹ́jísítà. Àwọn ènìyàn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi aṣọ bo imú, wọ́n ń bọ́ síta. Bíọ́dún nìkan ni kò dìde. Ó dì mí mú ní èjìká méjèèjì títí wọ́n fi rí mọ́tò tó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Dókítà ibẹ̀ ní kòkòrò àìsàn náà ti mọ oògùn àkọ́kọ́, kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Wọ́n máa fún mi ní òmíràn tó le jù ú lọ, màá sì lò ó ju ọdún kan lọ. Wọ́ọ̀dù tí wọ́n fi mí sí, wọn kì í ti fèrèsé rẹ̀. Ọkùnrin méjì kú níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé. Ọ̀kan nínú wọn ò ní ẹnikẹ́ni tó wá gbé òkú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bísí bá mi lọ kó aṣọ nílé, ó gbé e wá. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù pẹ̀lú ìbòmú, ó gbé báàgì náà sílẹ̀.

"Mo bu omi sí òdòdó Màmá Tólú, sà," ó ní. "Mo rí oògùn nínú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀."

Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé ojú sí. Mo wá ọ̀rọ̀ míràn sọ. Ìyá rẹ̀ wà nínú kíláàsì kẹrin náà, àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mo ní, "Màmá ń kọ́? Ó pẹ́ tí mo rí wọn. Sọ fún wọn kí wọ́n máa fi mí sínú àdúrà."

"Wọ́n ti kú, sà."

"Nígbà wo?"

"Ó ti lé lọ́dún kan. Ọ̀yọ́ la gbé wọn lọ sin." Kò gbé ohùn sókè, kò sunkún. "Wọ́n kó o lára mi. Àwọn ló ń tọ́jú mi, yàrá kan la wà. Gbogbo Sọ́ńdè ni wọ́n máa ń wẹ̀, wọ́n á gbé àga síta lọ́sàn-án, wọ́n ní Líídà á yà sí wa lónìí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ yẹ ikọ́ wọn wò. Wọ́n ní àwọn ń dúró dè yín, pé ẹ kàwé, ẹ̀yin lẹ máa mọ ohun tó yẹ ká ṣe."

Mo ní, "Bísí, láti ìgbà tó o ti ń wá sílé mi, kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí, sà."

"Kí ló wá dé tó o fi ń wá?"

"Nọ́ọ̀sì ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wò yín. Ẹ ò sì rí ẹnì kankan pè."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Mo sunkún, mi ò tijú. Ó ní, "Mo gbọ́, sà. Nọ́ọ̀sì ló máa wò yín níbí. Bí ẹ bá ti dé ilé, màá máa wá." Ó wo inú báàgì bóyá òun gbé búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi wá, ó lọ.

Nígbà tó lọ tán, mo ní ó yẹ kí wọ́n ti sọ fún mi, kò ṣeé ṣe kí wọ́n má sọ. Mo mú fóònù, mo wá orúkọ rẹ̀ jáde. Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀, Líídà. Màmá sùn nínú Olúwa ní ìdájí òní." Èsì tí mo fi ránṣẹ́ sí i wà lábẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé, "Àmín. Ọ̀sẹ̀ yìí á dára fún wa." Ẹ mọ bí a ṣe máa ń ṣe, àdúrà ló máa ń kún fóònù wa láàárọ̀, a ó kàn máa ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀. Mi ò ka ohun tó kọ. Mo ṣe àmín sí ikú ìyá rẹ̀. Mo wá ní kí Bíọ́dún gbé rẹ́jísítà wá fún mi. Òdo tí mo fi bírò pupa kọ síwájú orúkọ màmá náà lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́ta. Gbogbo rẹ̀ rí roboto, ó mọ́ tónítóní.

Orí ibùsùn yẹn ni mo ti pe àlùfáà wa, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo ní kí wọ́n kó gbogbo kíláàsì kẹrin lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n lọ. Bíọ́dún ní in. Irú tèmi gan-an ni, èyí tí oògùn àkọ́kọ́ ò ràn. Mo mọ ibi tó ti kó o, òun náà mọ̀ ọ́n. Kò sọ ọ́ sí mi lójú rí.

Nígbà tí mo lè dìde dúró, mo lọ síwájú ìjọ, mo dárúkọ àìsàn náà fún wọn bó ṣe ń jẹ́. Wọ́n ti gba oyè, ó sì tọ́. Àwọn kan ò bọ̀ mí lọ́wọ́ títí dòní. Mo sọ fún àwọn líídà tó kù, mo sì ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà: bí ẹ ò bá mọ ilẹ̀kùn ilé àwọn tí ẹ ń ṣáájú, bí ẹ ò mọ ẹni tó ń wúkọ́ nínú wọn, akọ̀wé lásán ni yín. Ẹ gbé ìwé náà fún ẹlòmíràn. Jésù ò ní kí ẹnì kankan wa máa fàmì sí orúkọ. Ìyẹn ni mo mọ̀ báyìí, ó sì ti pẹ́ jù fún màmá Bísí.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ èsì tiyín, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ikọ́ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń gbé. Ẹ ṣí fèrèsé. Bí ara yín bá yá ní oṣù kejì, irọ́ ni ara ń pa, ẹ lo oògùn náà tán. Ẹni tó bá ní kí ẹ gbààwẹ̀ tàbí kí ẹ mu àgbo, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì gbé oògùn yín mì.

Mo lo tèmi tán ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Wọ́n ní kò sí kòkòrò kankan lára mi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró òsì mi ti sún kì, mi ò lè kọ orin ju ẹsẹ kan lọ, mo máa ń sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dé ibùdókọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti kú, mi ò mọ ìgbà tí bàtà bá bọ́. Oògùn náà sọ àwọ̀ mi di dúdú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ń kọjá lára mi ní Tejúoṣó láìdá mi mọ̀. Mo ti fẹ̀yìntì. Ìyàwó mi ti padà wálé, ó ti ju ìkòkò òdòdó yẹn nù.

Bísí wá títí dé hóró tó gbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ náà, ó wo ẹnu mi, ó fàmì sí káàdì, ó ní, "Ó tán, sà." Mo tún bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó ní, "Líídà, ẹ lọ máa wo Bíọ́dún. Ìyá rẹ̀ ló ń wò ó, ojú ìyá náà ò sì ríran dáadáa mọ́." Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì tíì bẹ̀ ẹ́ mọ́ láti ìgbà náà.

Mo ti ń lọ, torí wọ́n ní oògùn tirẹ̀ máa pẹ́ ju tèmi lọ. Yàrá kan ni wọ́n wà lẹ́yìn ilé alájà méjì kan ní Múṣin, òun àti ìyá rẹ̀. Mo máa ń kúrò nílé ní kùtùkùtù torí ìsinmi tí mò ń sinmi lọ́nà. Bí mo bá dé, màá ṣí fèrèsé, màá ka hóró oògùn sí i lọ́wọ́, màá gbé omi fún un. Bó bá ti gbé e mì, màá ní kó la ẹnu. Á là á gbàgàdà. Mo máa ń wo abẹ́ ahọ́n rẹ̀ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì dáadáa, torí mo mọ ibi tí ènìyàn ń fi í pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà, màá bi í pé, "Màmá ń kọ́? Ṣé wọ́n ń wúkọ́?"